Orí Ẹ̀rọ Tí A Kò Dè

"Ẹ wò ó dáadáa o," ni bàbá arúgbó tó ń ta ẹ̀rọ ìlagi náà wí, ó sì na ọwọ́ sí ṣéènì kan tó nípọn. "Orí rẹ̀ yìí, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti ayùn wà, kì í dúró sójú kan. Lílọ bíbọ̀ ló ń lọ lórí irin gígùn méjì yìí tó bá ń la gẹdú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ fà á lójú títì, ẹ tì í síwájú, kí ẹ fi ṣéènì dè é pinpin. Bí ẹ ò bá dè é, òkè àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn ló máa sáré padà sẹ́yìn. Ohun tó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má pè mí o!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń wò. Láti ìgbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ti gbọ́njú, inú igbó tó jìnnà réré ni ọkùnrin yìí ti ń bá àwọn ẹlòmíràn la gẹdú. Bó bá lọ, ó máa ń pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún fojú kàn án. Lónìí, ó ń fọwọ́ pa irin àlòkù náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Èyí ni màá fi jókòó ti àwọn ọmọ mi," ló wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ dé ọkàn, nítorí kò tíì bá bàbá rẹ̀ gbé odidi ọdún kan rí.

Bàbá àti àbúrò ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó ni ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ nídìí, bá arúgbó wọlé lọ mu omi. Ó ku Tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan. Ni fóònù rẹ̀ bá dún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ni, àwọn tó ti fi fọ́tò ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí. "Ọmọ onígẹdú," ọ̀kan kọ ọ́ ránṣẹ́, "ṣé irin dídípẹtà yẹn lẹ lọ rà? Ṣé ó tiẹ̀ lè mira?" Àwọn yòókù ń fi ẹ̀rín gbè é.

Inú bí Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó tú ṣéènì, ó gbé fóònù lé orí òkúta kó lè máa ká a sílẹ̀, ó wá ti orí ẹ̀rọ náà lọ sẹ́yìn, ó sì fà á bọ̀ síwájú gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an lọ̀gá ilé iṣẹ́. Ó ń fi fídíò náà ránṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀.

"Tẹ́ẹ́rẹ́! Ó yá, ká máa lọ. Bá mi wo ṣéènì yẹn, ṣé ó ṣì le?"

Ṣéènì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá ní òun tú u, bàbá á jágbe mọ́ ọn, Bọ̀ọ̀dá á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé ilé. Ó sáré fi ìkọ́ rẹ̀ há ẹ̀gbẹ́ irin fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wo bàbá rẹ̀ lójú.

"Ó le, Bàbá."

Ojú ọ̀nà tẹ́jú níbẹ̀rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ díẹ̀. Fóònù ń dún lemọ́lemọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń yìn ín. Nígbà tó yá, òkè yọ níwájú. Ọkọ̀ náà ń fà á tipátipá, àwọn ọmọ iléèwé tó ń lọ sílé sì sáré tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà, wọ́n ń fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, wọ́n ń pariwo ayọ̀.

Gbì!

"Kí ló dún yẹn?" Bọ̀ọ̀dá bèèrè.

"Bóyá táyà kó sí kòtò ni," bàbá dáhùn. "Orí rẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan. Ọmọ mi ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Tẹ́ẹ́rẹ́ láyà. Ó wo dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: orí ẹ̀rọ náà ń mì, àwọn ọmọ náà sì wà lẹ́yìn gangan. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n gun òkè tán. Bó bá dákẹ́, bóyá ìkọ́ yẹn kò ní yọ. Bóyá.

"Ẹ dúró!" ló figbe ta. "Bàbá, mi ò dè é! Mo tú u, mi ò dè é padà!"

Bí ọkọ̀ ṣe ń rọra dúró, bàbá ti bẹ́ sílẹ̀, ó ń sáré lọ sẹ́yìn, ó ń ké pé, "Ẹ kúrò lọ́nà! Ẹ wọ inú koríko!" Àwọn ọmọ náà fọ́n ká. Ìkọ́ yọ. Orí ẹ̀rọ sáré lọ sẹ́yìn gààràgà, iwájú ẹ̀rọ náà gbéra sókè, ó já kúrò nídìí ọkọ̀, ó sì yí gbirigbiri wọ inú kòtò.

Kò sí ọmọ tó fara pa. Ṣùgbọ́n irin méjèèjì ti tẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ti là. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ti Tẹ́ẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ tó ọjọ́ kan, orí òkè kan ló ti ṣubú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù àtipadà sínú igbó. Ó ní láti wá owó tí yóò fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ nà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Nínà ò tún irin ṣe." Ó jókòó sórí àpótí. "Títú tí o tú u, ìwà ọmọdé ni, èmi náà ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́, o sì wò mí lójú. Ká ní o sọ òótọ́ ni, màá jágbe mọ́ ọ, a ó dè é, a ó sì máa lọ. Ohun tí irọ́ rẹ gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n o pariwo kó tó pẹ́ jù, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì délé wọn láyọ̀. Ohun tí òótọ́ rẹ ṣe nìyẹn. Má gbàgbé èyíkéyìí nínú méjèèjì."

Tẹ́ẹ́rẹ́ bá a ru báàgì ẹrù rẹ̀ dé ẹ̀bá títì. Ó wúwo. Nígbà tí ọkọ̀ dé, bàbá gbà á lórí rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀, ó sì wọlé.

Ibẹ̀ ló ti wá yé e dáadáa. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ lè tún un ṣe. Ẹni tó bá fi irọ́ bò ó, ẹrù ló dì, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ló sì máa bá a rù ú.