Agbábọ́ọ̀lù Tí Kò Bojú Wẹ̀yìn

Bí wọ́n bá ń dánra wò, kò sẹ́ni tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Akínfẹ́mi, ọmọ Ìjàgbà. Àárín pápá ni ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdíje gidi bá dé, alátakò á yọ sí i láti ẹ̀yìn, á já bọ́ọ̀lù gbà, á bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú kóòṣì rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Àwọn òǹwòran a máa bi í bóyá símẹ́ǹtì ni wọ́n fi mọ ọrùn rẹ̀.

Kí ló fà á? Ońdè ààbò kan ni, tó máa ń fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ ìdíje nìkan. Ẹni tó ṣe é fún un lọ́nà Elegbeka ti kìlọ̀ pé bó bá ti wọ pápá, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn títí fèrè ìparí yóò fi dún. Bó bá bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kán.

Ẹ gbọ́ ná: ta ní ń wakọ̀ tó fi aṣọ bo dígí tó fi ń wẹ̀yìn?

Akínfẹ́mi kò rò ó bẹ́ẹ̀. Àǹtí Theresa, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ra bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún un, ló ń fura sí pé ó ń fi àjẹ́ dí òun lọ́wọ́. Kò kí i mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kan rán èèyàn wá wò ó, Sylvanus ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ gólì wọn, kígbe láti ẹ̀yìn: “Akín, ó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ!” Ọrùn rẹ̀ fẹ́ yí, ẹ̀rù ońdè dá a dúró. Alátakò kọlù ú, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn, síbẹ̀ ẹsẹ̀ náà ló lọ.

Ó ń kanra mọ́ gbogbo ayé nílé ìyá rẹ̀ nígbà tí Sylvanus wá kí i.

“Mo rò pé o ti di adití ni,” ni Sylvanus wí.

“Mo gbọ́ ẹ. Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ẹ. Mi ò lè yíjú ni.” Ó wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ońdè náà.

Sylvanus jókòó tì í. “Ẹnìkan tún wà tó ń pè ọ́ láti ẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi. Jésù ni. Ó rí ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tó ń sáré bọ̀ wá bá ọ, ó sì fi ara tirẹ̀ gbà á lórí igi àgbélébùú.”

“Ṣé yóò wo orúnkún mi sàn?”

“Mi ò mọ ìyẹn. Ọkàn ẹ ni mo mọ̀ pé yóò wò.”

Inú bí Akínfẹ́mi. Ó kọjú sí ògiri. Ó rò ó pé òun pa èèwọ̀ ońdè mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ òun ló lọ. Ó pẹ́ kó tó yí padà, omi sì ti kún ojú rẹ̀. Ó ní kí Sylvanus fún òun ní abẹ. Ó la ońdè náà: ewé gbígbẹ àti iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ti ń bẹ̀rù nìyẹn! Ó ké pe Jésù pé kó gba òun, Ó sì gbà á. Àǹtí Theresa ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, láti tọrọ àforíjì.

Orúnkún náà kò tíì le tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá kò tún ránṣẹ́, ó sì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ Ìjàgbà gbá bọ́ọ̀lù. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i tó bojú wẹ̀yìn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí lo dì mọ́ra tí kò jẹ́ kí o yíjú? O ti gbọ́ ohùn Jésù rí. Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ni fèrè ìparí ayé rẹ wà. Yíjú sí Jésù lónìí, kó tó dún.