Aago Ọwọ́ Ọmọ

Wọ́n ń gbé òkú obìnrin náà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ ń gòkè bọ̀. Ó fara ti ògiri kí wọ́n lè kọjá.

Ọwọ́ ti ba ọkọ tó fún un lọ́rùn pa. Ẹnu ọ̀nà ilé náà ni wọ́n ti mú un. Ẹni tí Jẹ́jẹ́ ń wá ni ẹni tó fi ilé han ọkọ náà. Láti ọdún tó kọjá ni obìnrin náà ti sá fún ọkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbé àfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti ẹni tó ń bá a tún fóònù ṣe. Ẹ̀gbọ́n yìí ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń dúró láti gba ọmọ ọdún mẹ́ta tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí Jẹ́jẹ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé, ọmọ di tirẹ̀.

Yàrá kan ni. Bẹ́ẹ̀dì ńlá, bẹ́ẹ̀dì kékeré. Fóònù olóògbé wà lórí tábìlì pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Ṣájà mìíràn wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Jẹ́jẹ́ fi í sẹ́nu fóònù. Kò wọlé. Ó kó o sápò.

Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù atúnfóònùṣe. Túpalẹ̀ ni àdúgbò ń pè é.

"Ìwọ lo júwe ilé rẹ̀ fún ọkọ," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Ọ̀gá, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo yọ gbogbo ètò tí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ṣe fóònù rẹ̀ fi sínú rẹ̀ kúrò. Wọ́n máa ń mọ ibi téèyàn sùn, wọ́n á sì sọ ọ́ fẹ́ni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, inú rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fura, kó tú u wò. Olófòófó ò ríbi sá pamọ́ sí níbẹ̀."

"Ta ló tú u wò?"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí mi ò mọ̀ rí. Èmi náà tú u. Ẹ ò gbọ́ orúkọ mi ni?"

"Nǹkan mìíràn wọ ilé yẹn."

"Tó bá jẹ́ ti irú àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ni, a jẹ́ pé ohun tí mo lé gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ti gba fèrèsé wọlé."

Ní àgọ́, ọmọ náà ti sùn lórí itan ẹ̀gbọ́n olóògbé. Aránṣọ ni obìnrin náà. Aago pupa kan wà lọ́wọ́ ọmọ.

"Ṣé ẹ ti bi Túpalẹ̀?" ló bèèrè. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ọ̀gá."

"Mo ti bi í. Aago yìí dára."

"Èmi ni mo rà á fún un. Aago lásán ni."

Jẹ́jẹ́ gbé ṣájà náà kalẹ̀, ó sì ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ aago. Ó wọlé wẹ́kú.

"Aago lásán kì í lo ṣájà," ló wí.

Ó tẹ bọ́tìnì aago náà. Fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lórí tábìlì, bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ jí.

"Àwọn tó ṣe aago náà ló máa so ó pọ̀ mọ́ fóònù rẹ̀," ni aránṣọ wí. "Inú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ni mo ti yọ ọ́."

"Mo ti fi ṣájà yìí han ẹni tó ń ta irú aago yìí. Ó ní ó máa ń sọ ibi tí ọmọ wà fún fóònù òbí. Kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé aago àti fóònù òbí síwájú ara wọn, kí fóònù ya àwòrán ojú aago. Bàbá yìí ò fojú kan ọmọ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìwọ lo rà á, ìwọ lo gbé e fún ọmọ. Ilé ta lo kọ́kọ́ gbé e gbà?"

Obìnrin náà tún kọ́là aṣọ ọmọ ṣe.

"Mo búra fún àbúrò mi pé mi ò ní sọ ibẹ̀ fẹ́nì kankan. Mi ò sì sọ ọ́. Aago ló sọ ọ́."

"Kí lo fẹ́?"

"Kó padà sílé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"O rí apá rẹ̀ tí ọkọ ṣẹ́."

"Èmi ni mo gbé e lọ sí ọsibítù. Apá máa ń jinná."

"Ọrùn ńkọ́?"

Ó fa ọmọ náà mọ́ra.

Jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà di aṣọ rẹ̀ mú. Ọlọ́pàá méjì ló tú ìka rẹ̀. Kò sí ẹbí mìíràn, nítorí náà ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n gbé e lọ.

Aago náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Jẹ́jẹ́, wọ́n fi ṣájà rẹ̀ sára iná kó má baà kú kí ẹjọ́ tó parí. Ó ṣì ń sọ ibi tó wà fún ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.