Gbogbo Yàrá Inú Ilé Náà

Wẹ́dà ni ọkùnrin yìí. Ogún ọdún ló fi jó irin kí ó tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan páànù rẹ̀, bí o kò bá pè é ní Lánlọ́ọ̀dù, kò ní dá ọ lóhùn. Kò lọ sí ilé ìsìn mọ́. Ó ní àwọn tí kò ní òrùlé ló ń da Ọlọ́run láàmú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Lánlọ́ọ̀dù nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì títí àbúrò fi kọ́ṣẹ́ parí.

Nígbà tí iṣẹ́ ọdún kan yọ fún Lánlọ́ọ̀dù ní ìlú òkèèrè, ó wá ejẹ́ǹtì tí yóò máa bójú tó ilé náà. Ejẹ́ǹtì gbé ìwé àdéhùn kalẹ̀, ojú ewé mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ Lánlọ́ọ̀dù kan, káfíńtà tó jẹ́ onígbàgbọ́, wà níbẹ̀.

"Kà á ná," ni káfíńtà wí. "Yàrá wo ni wọ́n lè gbé fún ayálégbé? Kí ni wọn kò gbọdọ̀ ṣe láìbi ọ́ léèrè? Bí o bá fẹ́ já àdéhùn yìí, báwo ni wàá ṣe já a?"

"Káfíńtà, pákó ni kí o máa wọ̀n. Ilé ta ni?"

"Ilé tìẹ ni. Ìwé tiwọn ni."

"Ṣé kí n wá máa fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ níwájú ejẹ́ǹtì bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni?" Ó fọwọ́ sí i lórí ìdúró.

"Gbogbo yàrá inú ilé náà" ló wà ní ojú ewé kejì. Ní oṣù karùn-ún tí Lánlọ́ọ̀dù ti lọ, ejẹ́ǹtì kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí aránṣọ kó jáde fún ayálégbé.

"Àbúrò mi ló nílé," ni aránṣọ wí.

"Màmá, àbúrò yín náà ló fọwọ́ sí i."

Kò pe àbúrò rẹ̀. Ta ló ń pe ẹni tó lé e? Ó gbé maṣíìnì rẹ̀, ó lọ sá sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan tí yàrá rẹ̀ ń jò. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Kí káfíńtà tó gbọ́, kí ó sì tó ránṣẹ́ sí Lánlọ́ọ̀dù, wọ́n ti sin ín.

Lánlọ́ọ̀dù padà dé, ó fi ìbínú wọ ọ́fíìsì ejẹ́ǹtì. "Mo já a lónìí!"

Ejẹ́ǹtì ṣí ojú ewé kẹta: kò ṣeé já kí ọdún tó pé. "Bàbá, ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ yìí?"

"Ọwọ́ mi ni."

Ó lọ yọjú sí yàrá ẹ̀yìn. Ìkókó àjèjì kan ń sùn níbẹ̀.

Ìsọ̀ káfíńtà ló lọ jókòó sí. "Ó kú pẹ̀lú èrò pé èmi ni mo lé òun. Èmi náà sì ni."

"Mi ò ní purọ́ fún ọ," ni káfíńtà wí. "O ò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Ṣé Ọlọ́run á gba irú mi?"

"Irú rẹ ni Jésù wá kú fún. Ṣùgbọ́n má fi ejẹ́ǹtì bojú níwájú rẹ̀. Sọ tìẹ fún un."

Ó kúnlẹ̀ sórí èérún pákó. "Olúwa, ìgbéraga mi ló lé e síta. Ṣàánú mi."

Olúwa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹkún Lánlọ́ọ̀dù kò dá lọ́jọ́ náà. Títí di òní, bí ìjọ bá ń kọrin, ìlà kan péré ló máa ń kọ kí ohùn rẹ̀ tó já.

Ìwọ tí o ń ka èyí, bí o bá ní ilé, ka ìwé àdéhùn rẹ tán kí o tó fọwọ́ sí i. Bí ojú kò bá ríran tó, bẹ ẹni tí yóò kà á fún ọ. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ ńkọ́? Ta ni ìgbéraga rẹ ti lé síta? Ẹni náà lè má dúró dè ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù, ẹni tí kò ta ẹlẹ́ṣẹ̀ nù rí. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bẹ ẹni tí o ṣẹ̀, lónìí tí ó ṣì ní etí tí yóò fi gbọ́ ọ.