Ohun Tó Wà Nínú Ọ̀rá Dúdú

Télọ̀ kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Omi ló ní kí ìyàwó òun bù wá. Kí ife tó dé, èémí ti tán. Oòrùn kò tíì yọ tán tí àwọn ọlọ́gbọ́n àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á.

"Ìyàwó bàbá wa ni!" Ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin ń fò sókè nínú àgbàlá. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí! Òwìwí tó ń ké lórí páànù wa, ta ló rán an?"

Òwe kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀lẹ. Ìyá àgbà, ìyàwó bàbá tí wọ́n ń wí, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Eku tó kún àjà wọn, ṣé ẹyẹlé ni kó wá jẹ ẹ́ ni?

"Gbogbo ìgbà ló ń yọ́ jáde kí àkùkọ tó kọ!" aládùúgbò kan fi kún un. "Ọ̀rá dúdú ló ń gbé bọ̀. Ẹran èèyàn ni!"

Ẹni tí kì í jí gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ìdájí yẹn o.

"Aríran tí àbúrò mi ń lọ bá ní kó kúrò nílé yìí lónìí," ẹ̀gbọ́n pàṣẹ.

Ogójì ọdún ni Ìyá àgbà ti lò níbẹ̀. Òun ló pọn Télọ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, kò sì ní ibòmíràn. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé ọ̀rá dúdú kan jáde, ó sì dà á sílẹ̀. Ike oògùn yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ opó.

"Oògùn kòkòrò éèdì nìyí. Ojú ń ti Télọ̀, èmi ni mo ń lọ tò fún un nílé ìwòsàn. Mo búra pé n kò ní sọ. Àárọ̀ yìí ni mo bá wọn lábẹ́ àkísà rẹ̀, kò ṣí ìkankan. Aríran yín ló ní kó dáwọ́ dúró!"

Ìyá àgbà kọjú sí ẹ̀gbọ́n.

"Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé bí àrùn yìí bá ti wọra, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, kí a sáré gbé e wá. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ dídì má baà já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, mo sọ, ẹ ní àjẹ́ ń sọ̀rọ̀. Ta ló wá fi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ náà fọ́jọ́ mẹ́ta, tó ní òun ń tú ìdè?"

Àwọn tó pariwo jù ti ń wá bàtà wọn. Ẹ̀gbọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì kì wọ́n bọ abẹ́ ìró.

Ìyá àgbà kò tún wò ó. Ó na ọwọ́ sí opó.

"Wọ bàtà, ọmọ mi. Wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò lónìí. Tìrẹ ò tíì pẹ́ jù."