Òkè Àjà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dé

Lyle ti kọ kéèkì tí wọ́n gbé fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta tí Marlys fi lọ̀ ọ́ ló tó gbà á, bí gbogbo ọmọlúàbí ìlú Torvik ti máa ń ṣe, ó wá jókòó ti kọfí rẹ̀ nínú yàrá ìjẹun. Oṣù kẹwàá ni, ewé ti ń já bọ́ lára igi, òtútù ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà sì ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀.

Marlys Tvedt ló ni ilé ìtọ́jú àgbàlagbà yìí. Àgbàlagbà méjìdínlógún ló ń gbé ibẹ̀, ìyá tó bí i lọ́mọ sì wà lára wọn. Lọ́dọọdún ni ilé-iṣẹ́ kan máa ń rán Lyle wá yẹ ẹ̀rọ apaná ilé náà wò, ìyẹn àwọn páìpù tó máa ń fọ́n omi fúnra wọn bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ó ti yí gbogbo ilé ká láti àárọ̀, ó sì ti kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ìwé náà ni Marlys fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n lè sọ ìwé àṣẹ ilé náà dọ̀tun, ó kù kó buwọ́ lù ú.

Bàbá Orville Stenrud tó jókòó sí tábìlì kejì ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí i ná. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni bàbá yìí, ogójì ọdún ló sì fi to páìpù apaná sílé onílé kó tó fẹ̀yìn tì wá síbẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó yẹ kéèyàn wò. Ó wá fi ìka tẹ ìlà kan nísàlẹ̀ ìwé.

"Kí ni wọ́n kọ síbí, Marlys?"

Marlys kà á sókè. "Òkè àjà: a kò dé ibẹ̀."

"Ti èṣí ńkọ́?"

Marlys lọ gbé fáìlì jáde. Ohun kan náà ló wà nínú ti èṣí, òun náà ló wà nínú tọdún mẹ́ta tó ṣáájú èṣí. Ọdún mẹ́rin gbáko, ìlà kan náà, ìbuwọ́lùwé Marlys sì wà lábẹ́ gbogbo wọn. Ojú tì í. Ó ní òun máa ń rí i, àmọ́ òun rò pé ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn ò rí nǹkan kan tó bàjẹ́.

"A ò débẹ̀ kì í ṣe a ò rí àléébù o," ni Bàbá Orville wí. "Ìwọ Lyle, kí ló dé tóò débẹ̀?"

Lyle gbé ife kọfí sílẹ̀. Inú yàrá ìkẹ́rùsí lókè ni ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n fi ń gun òkè àjà wà. Wọ́n ti kan pẹpẹ onípákó sínú yàrá náà títí dókè, kí Mama Ardis, ọ̀kan lára àwọn arúgbó ilé náà, àtàwọn obìnrin yòókù lè rí ibi kó àwọn kúbùsù alábùlẹ̀ tí wọ́n ń rán fún ṣọ́ọ̀ṣì sí. Pẹpẹ yẹn ló bo ilẹ̀kùn pa.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni Lyle wí. "Mi ò fẹ́ yọ àwọn màmá yẹn lẹ́nu ni."

Marlys náà ní òun ò béèrè nítorí pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn Lyle, òun ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Bí àwa ará ibí ti rí nìyẹn. A lè jókòó sórí ẹsẹ̀ ara wa láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa ní kí ẹnì kejì sún díẹ̀.

Bàbá Orville rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ó ní igi gbígbẹ ló kún òkè àjà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí iná bá ràn níbẹ̀ tí páìpù ò ṣiṣẹ́, òrùlé á ti máa jó kí ẹnikẹ́ni tó gbóòórùn èéfín. Ó ní nítorí òtútù, atẹ́gùn ni wọ́n máa ń fi sínú páìpù ibẹ̀, omi á dúró nísàlẹ̀ de ìgbà tí iná bá dé. Síbẹ̀, omi díẹ̀ máa ń dárogún síbi tó bá rẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ gòkè lọ tú u dànù kí òtútù tó dé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dì, á sì la páìpù.

"Ṣé ẹ̀bi Lyle ni, àbí tèmi?" Marlys béèrè.

"Lyle kọ òótọ́ síbẹ̀, ó kàn yẹ kó la ẹnu ẹ̀ sọ ọ́ ni. Ìwọ lo nilé. Òfin ní kóo la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kóo sì tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìwé mẹ́rin yìí ni wọ́n máa tẹ́ síwájú adájọ́. Wọ́n á ní o mọ̀. Ìbuwọ́lùwé ẹ rèé lábẹ́ wọn."

Yàrá ìyá Marlys ló kángun sí yàrá ìkẹ́rùsí yẹn. Marlys gbé bírò sílẹ̀.

"Lyle, jọ̀ọ́, mo máa yọ ẹ́ lẹ́nu o. Mo fẹ́ kóo gòkè lọ."

Ẹ̀rù ń bà á láti lọ sọ fún Mama Ardis. Ṣùgbọ́n ńṣe ni màmá náà ní ó ti pẹ́ tóun ti ń wá ẹni tó máa bá òun kó àwọn kúbùsù yẹn sọ̀ kalẹ̀ káwọn lè sá wọn, òun ò kàn fẹ́ yọ Marlys lẹ́nu ni. Kó tó di ọ̀sán, kúbùsù ti kún orí àga, ibùsùn àti gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ òkè. Àwọn arúgbó ń rìn káàkiri, wọ́n ń sọ aṣọ ta ni wọ́n gé sínú èwo.

Wọ́n tú pẹpẹ, Lyle sì gòkè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, eruku ti bo irun rẹ̀, ojú rẹ̀ sì le. Àwọn tó lọ da òwú adènà òtútù síbẹ̀ kí wọ́n tó kan pẹpẹ ti tẹ páìpù kan mọ́lẹ̀, ó sì ti tẹ̀ wálẹ̀ láàárín. Omi tó tú jáde nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún korobá. Òwú sì ti bo ẹnu páìpù mẹ́ta tó yẹ kó fọ́n omi, òkè yàrá ìyá Marlys gan-an ni wọ́n wà.

"Ọdọọdún lomi yẹn ń pọ̀ sí i," ni Lyle wí. "Òtútù tọdún yìí ni ì bá là á."

Marlys jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sunkún díẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Orville. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n gé pẹpẹ kúrò lọ́nà ilẹ̀kùn, Lyle sì kọ ìwé tuntun. Marlys ka gbogbo ìlà rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ̀yin onílé, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé, ẹ ka ìwé àyẹ̀wò yín títí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé àwọn kò dé ibì kan, ẹ má ṣe kà á sí pé ibẹ̀ dára. Ẹ béèrè ohun tó dí ọ̀nà, kí ẹ sì ṣí i kí òtútù tó wọlé. Ẹ má kan pákó bo ilẹ̀kùn òkè àjà, ẹ má sì kó ẹrù dí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé òbí yín ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé náà hàn yín. Ẹ má tijú àtiyọ èèyàn lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí iná ò ní kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ń yọ yín lẹ́nu kó tó dé ibi tí ẹ̀yin kò dé.