Ẹni Tó Dúró Lórí Bésì Kẹta

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń jó lórí pápá, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ mò ń gbóòórùn kúbùsù tí òjò pa. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sẹ́nì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí i pé àpò funfun tí à ń pè ní bésì kẹta ti tẹ̀ láàárín, bí ìrọ̀rí tí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ lé.

Èmi ni Bàríkísù, kóòṣì ẹgbẹ́ Ọmọ Odò Aṣà, ní Ìlọrin níbí. Bésíbọ́ọ̀lù là ń gbá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi sì ń gbowó oṣù lórí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in tán. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kì í ṣe eré obìnrin, kì í ṣe eré Mùsùlùmí, kì í ṣe eré ìlú wa. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo gbé igi mi, mo gba pápá lọ.

Eré náà ò le. Ẹni tó ń gbá a á fi igi lu bọ́ọ̀lù, á sáré gba orí bésì mẹ́ta, á sì padà síbi tó ti gbéra. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá wọlé ló ní àmì kan. Ẹ̀gbẹ́ bésì kẹta ni èmi máa ń dúró, kí n lè pariwo fún ẹni tó bá débẹ̀ bóyá kó sáré wọlé tàbí kó dúró.

Ní gbogbo sáà yìí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa tó wọlé rí. Wọ́n á dé bésì kẹta wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀, wàhálà dé. Ọ̀kan á ṣubú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bọ́ọ̀lù tó ti lọ sínú igbó á ṣàdédé bá òmíràn lọ́nà. Bó bá wá kan àwọn alátakò láti gbá a, àpò náà á wú padà, wọ́n á sì máa wọlé bí ewúrẹ́ tó ti ìjẹko bọ̀.

Shehu, tó yára jù nínú wa, wá bá mi lẹ́yìn ìdíje kan. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Kóòṣì, wálàhí, ẹsẹ̀ mi ò yọ̀. Ẹnì kan ló wà níwájú mi. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀."

"Irú èèyàn wo?"

"Mi ò mọ̀, Kóòṣì. Omi ń kán lára ẹ̀."

Mo pààrọ̀ àpò náà lọ́jọ́ kejì. Tuntun náà tẹ̀. Àwọn ọmọ ní ká dáná sun gbogbo rẹ̀. Alhaji Àbdùlkàrímù, oníṣu ńlá ní ọjà Ìpàtà, tówó rẹ̀ ń gbé ẹgbẹ́ wa dúró, ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ àlàyé.

"Ìyá Saeedah," ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, "ìdíje kan ló kù. Bẹ́ ẹ bá tún pàdánù, mo tú ẹgbẹ́ yìí ká."

"Alhaji, ẹ ò ní tú nǹkan kan ká."

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mi ò fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ẹgbẹ́ yìí ló ń jí mi láràárọ̀. Mi ò ní jẹ́ kí alààyè gbà á lọ́wọ́ mi, ká má tíì sọ òkú.

Mo pe Olúgbémiga lórí fóònù. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wa rí kó tó lọ sí Amẹ́ríkà, òun ló sì fi àwọn bésì náà ránṣẹ́ sí wa níbẹ̀rẹ̀ sáà. Mo bi í níbi tó ti rà wọ́n.

"Pápá àtijọ́ kan tí wọ́n ń wó ni, Àǹtí," ó ní. "Ní nǹkan bí ọdún 1908, ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń gbá a jẹun. Wọ́n ń borí ṣáá ní gbogbo sáà yẹn. Níbi ìdíje tó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn, nínú aṣọ eré wọn tó nípọn bíi kúbùsù, ti dé bésì kẹta nígbà tí òjò dé. Kò kúrò níbẹ̀. Ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Mànàmáná pa á lórí ìdúró."

"Ta ló wá borí?"

"Kò sẹ́ni tó borí. Wọn ò gbá a parí."

Mo jókòó, inú wá bí mi sí ara mi. Òfin tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé o ò gbọdọ̀ kọjá ẹni tó ń sá níwájú rẹ. Bó o bá kọjá ẹ̀, o ti jáde. Ẹnikẹ́ni ò ṣépè fún wa. Ọkùnrin yìí ti ka ara rẹ̀ mọ́ wa, àwa sì ń kọjá ẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje ìkẹyìn pé. Àwọn ọmọ mi ò jẹ́ kí alátakò kankan dé bésì kẹta lọ́jọ́ náà; ó ku gbígbá kan, kò sí ẹgbẹ́ tó ní àmì. Shehu wà ní bésì kejì, òórùn kúbùsù tútù ti gba imú mi. Nathan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, gbé igi, ó lu bọ́ọ̀lù náà, ó ró gbàù, ó sì fò lọ jìnnà. Shehu ń bọ̀ wá bá mi bí ọfà. Mi ò wò ó. Àpò tó tẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" mo pariwo. "Òjò ti dá! Ó yá, gbéra, jẹ́ ká lọ sílé!"

Àpò náà wú. Atẹ́gùn tútù kan gba ojú mi, eruku sì ń dìde ní ojú ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà kíákíá. Shehu tẹ̀ lé e. Adájọ́ na ọwọ́ méjèèjì pé ẹnì kan ti wọlé, bẹ́ẹ̀ Shehu ò tíì dé. Adájọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ẹnu yà á. Nígbà tí Shehu wá dé, ó tún na ọwọ́.

A borí. Alhaji Àbdùlkàrímù ń fò sókè bí ọmọdé, ó ń búra pé ẹgbẹ́ ò ní tú láéláé. Mo sunkún, mi ò sì tijú.

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ sílé ní Adéwọlé. A ò tíì rìn jìnnà tí awakọ̀ fi wo dígí.

"Màmá, ẹ ní kí bàbá yẹn fa ẹsẹ̀ wọlé dáadáa, ọkọ̀ á gbá a."

Èmi nìkan ni mo jókòó sẹ́yìn.

Saeedah, ọmọ mi, ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí mi. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Mọ́mì," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ta lẹ mú bọ̀? Ṣé òjò pa á ni?"

Ìgbà náà ni ohun tí mo sọ ní pápá tó yé mi. "Sá wọlé" ni mo máa ń pariwo fún àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ náà, mo ní "jẹ́ ká lọ sílé." Èmi àti òun. Odidi sáà ló fi ń gbọ́ ariwo mi létí, kò sí bí Yorùbá ò ṣe ní yé e. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó.

"Ẹ jẹ́ n sáré pe Alfa," Saeedah ní.

"Dúró síbẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ọrùn mi ti tutù, omi sì ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn mi, tó, tó, tó. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pè é, mi ò sì ní sá fún ẹni tí mo pè. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

"Ìwọ," mo ní. "Mi ò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n ilé mi nìyí, èmi ni mò ń pàṣẹ níbẹ̀. Bọ́ bàtà ẹ kó o tó wọlé."

Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tó ń bọ́ bàtà eré rẹ̀, irin ìdí rẹ̀ ń kan sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà èkejì.