Sájẹ́ǹtì Tí Ọtí Kò Lè Mú Gbàgbé

Ní ọdún 1983, ọkùnrin gíga kan ń ṣọ́ sìmẹ́ǹtì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Wuse, ní Abuja. Bámiṣayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbbà ni, ṣùgbọ́n Sájẹ́ǹtì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ó ti ja ogun abẹ́lé.

Inú rẹ̀ kì í dùn. Ó ń bú awakọ̀, ó ń bú bíríkìlà. Bí ọ̀sán bá fi máa pọ́n, ó ti mu ògógóró yó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló búra fún Fẹ̀yìntọlá ìyàwó rẹ̀ pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló padà sídìí ìgò.

Ohun kan ló ń lé e kiri. Lójú ogun, ọ̀tá kan ju ìbọn sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní kí wọ́n dá òun sí. Bámiṣayọ̀ yìnbọn pa á. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọkùnrin náà ti túúbá.

Láníyì, káfíńtà ibi iṣẹ́ wọn, a máa sọ̀rọ̀ Jésù fún un. Sájẹ́ǹtì a sì jágbe mọ́ ọn: "Kai! Níbo ni Jésù rẹ wà nígbà tí à ń kú? Fi mí sílẹ̀ jàre!"

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó mutí yó wọlé ní Nyanya. Oúnjẹ kò tíì jinná. Ó fa bẹ́líìtì yọ. Fẹ̀yìntọlá kò sá. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi sí."

Bẹ́líìtì bọ́ lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì. Ojú ọkùnrin tó pa lójú ogun ló rí. Ó yí padà, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé Láníyì ní Karu.

"Láníyì, apànìyàn ni mí." Ó ròyìn gbogbo ohun tó ṣe lójú ogun fún un. "Ó ti sú mi! Ọtí kò pa á rẹ́, ìbúra kò ràn mí lọ́wọ́. Kí ni kí n tún ṣe?"

Láníyì kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án. "Sájẹ́ǹtì, ẹ pa ènìyàn lóòótọ́, ẹ kò sì lè jí i dìde. Ìdí tí Jésù fi kú nìyẹn. Ẹ yéé dá ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ náà gbé. Ẹ gbé e fún un."

Sájẹ́ǹtì kúnlẹ̀ láàárín èérún igi, ó sunkún, ó sì fi ara rẹ̀ fún Kristi.

Nígbà tó bẹ Fẹ̀yìntọlá, obìnrin náà kò gbà. Ẹ̀bẹ̀ ti sú òun náà. Oṣù mẹ́fà ni kò kan ọtí kí obìnrin náà tó gbà á gbọ́. Ó wá fẹ́ di àlùfáà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọ tó ń lọ kọ̀ láti rán an lọ kọ́ṣẹ́ náà. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́yìn. Ní 1989, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, ó di àlùfáà.

Ní ìwàásù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó jẹ́wọ́ ìpànìyàn náà níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn kan dìde, wọ́n jáde. Àtàndá, sójà àtijọ́ kan, jókòó síbẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, èmi náà ńkọ́?"

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò gbé ìbọn rí, ṣùgbọ́n o mọ ohun tí o ṣe. Má sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Ọdún mẹ́tàlá ni Bámiṣayọ̀ fi gbìyànjú rẹ̀, òfo ló já sí. Níbi tí o wà yìí, dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Jésù, kí o sì ronú pìwà dà. Yóò gbà ọ́. Lónìí ni, ọ̀rẹ́ mi. Má ṣe dìde kúrò níbẹ̀ láìké pè é.